Gúgúrú Ò Ní Lọ Síbì Kankan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí ìdáná ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn nínú ọkọ̀ akẹ́rù yẹn? Ara wa le nílé. Màmá ń kí yín. Àbúrò mi ń ga lójoojúmọ́. Bó bá ń bá a lọ báyìí, tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, a ó ní láti gbé òrùlé sókè kó tó lè wọlé. Ara Gúgúrú ajá wa náà le, òun gan-an ni mo sì torí rẹ̀ mú bírò.

Màmá ti jíṣẹ́ yín fún mi. Ẹ ní kí ẹ tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí Gúgúrú ti kúrò nílé, kí n lọ fà á lé ẹ̀ṣọ́ ọgbà ọkọ̀ yín lọ́wọ́. Mo gbọ́. Mi ò ní ṣe é. Bí mo bá sọ èyí lórí fóònù, ẹ máa ní "Ó tó," ẹ ó sì pa á mọ́ mi létí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo fi rán awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín, ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n yẹn. Lẹ́tà ò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí irú ẹni tí ẹ fẹ́ rán lọ sí ọgbà ọkọ̀. Ajá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, orí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tóbi ju Gúgúrú lódindi. Ohun tí àwọn awakọ̀ bá jẹ kù ni ẹ̀ṣọ́ ń dà fún wọn: egungun, ẹran alátá, búrẹ́dì tó ti bu. Gúgúrú tí kò wúwo ju bàtà iṣẹ́ yín ẹsẹ̀ kan lọ, tí inú rẹ̀ máa ń dà rú bó bá ti gbọ́ òórùn epo lásán. Kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Mi ò sì ní fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ síbi tó máa kú sí.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ìdí tí ẹ fi bínú. Ó bì sínú bàtà yín, ó sì ṣu sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan. Òórùn yẹn, àwọn eṣinṣin gan-an ń wá ojú fèrèsé tí wọ́n máa gbà sá jáde. Ẹ ní, "Ajá tí inú rẹ̀ ò gba nǹkan kan, kí la fẹ́ fi ṣe?" Mo fọ bàtà, mo fọ kápẹ́ẹ̀tì, mo tọrọ àforíjì. Mo ti gba àforíjì yẹn padà báyìí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ń kà á lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin kúkurú kan ni, tó ń wo èèyàn láti orí awò ojú rẹ̀ bíi pé èèyàn ló yẹ kó gun orí tábìlì. Ó tẹ inú Gúgúrú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá bi mí pé, "Ta ló ń fún un ní nǹkan jẹ nílé yín?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sílé tí wọn ò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lọ wá ẹnì kejì."

Ó tún jókòó kọ́ mi ní ohun tí inú rẹ̀ lè gbà. Ẹran àyà adìyẹ tí wọ́n bọ̀ lómi lásán, tí kò ní awọ, tí kò ní egungun, tí kò ní iyọ̀. Kárọ́ọ̀tì tó rọ̀. Elégédé. Ọ̀dùnkún. Gbogbo rẹ̀ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé: ohun tuntun kan ṣoṣo, kí n fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìgbẹ́ rẹ̀, kí n tó gbìyànjú òmíràn. Kí ege kọ̀ọ̀kan má ju èékánná ọmọńdinrín lọ, torí ìpanu ni, kì í ṣe oúnjẹ. Bí a bá pín ohun tó ń jẹ lójúmọ́ sọ́nà mẹ́wàá, ìpanu ò gbọdọ̀ ju ìdá kan lọ. Àlùbọ́sà, ṣokoléètì, èso àjàrà, ṣingọ́ọ̀mù, egungun sísè, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n dé ẹnu rẹ̀ láéláé. Ó wá fi ìka kan tábìlì: "Èyí tó burú jù fún tìẹ yìí ni ọ̀rá àti ohun díndín."

Bí mo ṣe di alásè ajá nìyẹn. Mo gé ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, mo tò ó sínú ààrò oníná jẹ́jẹ́ kó lè gbẹ. Ti àkọ́kọ́ jóná débi pé èèyàn lè fi kan ìṣó. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rọ̀ bí awọ bẹ́líìtì, Gúgúrú fi gbogbo ọ̀sán jẹ ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jogún ilé. Màmá tọ́ ẹran adìyẹ rẹ̀ wò, ó ní, "Kí ni ajá yìí ṣe tí o fi ń jẹ ẹ́ níyà báyìí?" Mo tún ra ìwé kékeré kan, àràárọ̀ ni mo ń kọ bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí síbẹ̀. Àbúrò mi ò pè mí lórúkọ mọ́, Akọ̀wé Ìgbẹ́ ló ń pè mí. Kó máa pè mí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé, kò bì, kò ṣu omi, ìwé náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni mo wá fọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀. Àpò ọ̀tún ti rin gbingbin fún epo. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fa bébà ìnuwọ́ kan jáde, awọ adìyẹ díndín ló wà nínú rẹ̀, irun funfun wínníwínní sì lẹ̀ mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí Gúgúrú, kò sí ẹni tí irun rẹ̀ funfun nílé wa. Mo sáré lọ síbi kàlẹ́ńdà tí Màmá ti máa ń yí àwọn ọjọ́ ìsinmi yín po. Oṣù mẹ́rin, Bàbá mi. Lóṣooṣù, ọjọ́ kẹta tí ẹ bá délé ni inú rẹ̀ máa ń dà rú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Èmi ò bá ajá ṣeré o." Ẹ̀yin lẹnì kejì.

Mo gbé bébà náà tọ Màmá lọ bí ọlọ́pàá tó mú olè. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Ọwọ́ tí Bàbá yín máa ń rọra tì sábẹ́ tábìlì yẹn?" Ó wá ní, "Wọ́n máa ń délé lẹ́yìn tí gbogbo yín bá ti jẹun tán, tí ẹ ti wọ yàrá lọ. Ajá yẹn nìkan ló máa ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹun tán." Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, mo kọ̀. Ọ̀rẹ́ yín ni ẹ fẹ́ lé jáde lórí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín fún un jẹ, èmi ò sì ní bá yín lọ́wọ́ sí i. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó lọ, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa gbé e, kó máa wò yín lójú títí ẹ ó fi dé ọgbà ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ege ọ̀dùnkún márùn-ún máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yín lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní fún un ní ìpanu kankan lọ́jọ́ náà, tiyín nìkan ló máa jẹ. Ẹ fún un lórí tábìlì, lójú gbogbo wa, kí ẹ yéé yọ́ ọ ṣe. Èmi náà ò ní wọ yàrá. Mo máa jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi jẹun tán.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ táyà yín. Kí bíréèkì yín má já yín kulẹ̀. Kí ẹrù yín gúnlẹ̀ láyọ̀, kí ẹ sì bá wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ló ti rí agídí,
Akọ̀wé Ìgbẹ́.

Àfikún: Bí ẹ bá rí ápù tó dáa lọ́nà, ẹ ra méjì bọ̀. Ápù ló kàn tí a máa dán wò fún un. A ó yọ hóró inú rẹ̀ dànù, ọjọ́ mẹ́ta la sì máa fi wò ó. Ìkejì, èmi ni mo ni ín.