Ọgọ́ta Ni Aago Mọ́tò Yín Kà

Bàámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Dọ́blìn níbí. Mo kí Màámi, mo kí Àǹtí Sìkírá àtàwọn ọmọ wọn. Àárò yín ń sọ mí.

Òtútù ibí máa ń wọ eegun, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nìyẹn. Yàrá kan ni mò ń gbé, èmi nìkan. Ara mi le, mo sì ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí Màámi sọ lórí fóònù pé gbogbo ìgbà tí owó náà bá ti dé lẹ máa ń tẹ́wọ́ àdúrà fún mi, ojú tì mí débi pé mi ò lè ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ìgbà tí mo ṣì ń tún mọ́tò ṣe ní Mowe. Bí ẹ bá ti wa mọ́tò yín wá kí mi láti Ifọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi láti Ibafo á bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní mọ́tò yín ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, síbẹ̀ kò lè lé kẹ̀kẹ́ bá. Baba Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè yín, torí ẹ kì í sáré ju ọgọ́ta lọ. Ẹ̀yin ò bínú, ẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi ni mo gbé e sọ́kàn.

Ni mo bá wá difurẹ́ńṣà tòkunbọ̀, ìyẹn ilé jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi pààrọ̀ ti mọ́tò yín. Pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pá tó ń bọ̀ láti iwájú máa ń yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú ti tuntun, ó fi díẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mọ́tò á lọ́ra láti gbéra, àmọ́ tó bá ti gbéra tán, eré dé, ẹ́ńjìnnì ò sì ní pariwo. Inú yín dùn gan-an. Ẹ ní mo ti sọ arúgbó mọ́tò yín di ọ̀dọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé aago tó ń ka eré ò mọ̀ pé mo pààrọ̀ nǹkan kan. Inú gíábọ́ọ̀sì ló ti ń ka tiẹ̀, kì í ṣe lára táyà. Bó bá ka ọgọ́ta, eré tí mọ́tò ń sá gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin. Jíà kékeré kan wà tó yẹ kí n fi tún un ṣe. Mo wá a ní Mowe, mi ò rí i, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò wá a mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kó èrò láti Ifọ̀ lọ sí Ibogun, tí mọ́tò yọ̀ ní kọ́nà, tó bọ́ sí kòtò, tí apá ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lára èrò yín sì kán. Ó ní àsápajúdé lẹ sá. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pè yín, torí ẹ̀yin ni ládàánì tó ń pe ìrun fún wọn. Ẹ fọwọ́ lé Kùránì, ẹ ní ẹ ò kọjá ọgọ́ta. Gbogbo èrò ní irọ́ ni. Ẹ wá ní kí wọ́n bi ọmọ yín, pé òun ló mọ mọ́tò náà. Wọ́n bi mí. Mo ní kò sí ohun tó ṣe mọ́tò.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ìrun pípè lọ́wọ́ yín. Màámi ní títí di òní, bí ẹlòmíì bá ti ń pè é, ẹ máa ń pè é tẹ̀ lé e nínú yàrá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi níbí pààrọ̀ irú difurẹ́ńṣà yẹn fún oníbàárà. Kí mọ́tò tó jáde, ó béèrè bóyá mo ti tún aago ṣe, ó ní ohun tí aago bá sọ ni awakọ̀ máa gbà gbọ́. Mo lọ sẹ́yìn àwọn táyà, mo sunkún bí ọmọdé.

Bàámi, mo mọ̀ yín. Bí mo bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, ẹ ó ká a sábẹ́ Kùránì yín kí orúkọ mi má bàa bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn gbé e jáde. Kí ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́, kí àwọn àgbà náà gbọ́: aago yẹn parọ́, èmi náà parọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ má ṣàdúrà fún mi o, àfi bí ẹ bá ti padà pe ìrun.

Èmi ni, ọmọ yín,
Wàídì