Júùsì Àlejò àti Agolo Nojeem

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án
Alága ti dé láti sẹ́ńtà ìlera. Òun nìkan ló lọ — mi ò lè fi ṣọ́ọ̀bù ike mi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. (Ọkọ mi ni Alága. Láti ìgbà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dégbò, kì í kúrò lórí àga.) Ìtọ̀ ṣúgà ni. 286 ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn. Tí kò bá wálẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, egbò náà ò ní jiná, wọ́n á gé ìka. Mo bi í pé kí ni kó má jẹ. Ó ní búrẹ́dì, ṣúgà, mínírà. Kò dárúkọ òmíràn mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4
Àlejò lọ́tùn-ún lósì. Ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí, ẹni tó bá wá kí aláìsàn kì í wá lọ́wọ́ òfo, páálí júùsì ni. Mẹ́sàn-án ti wà lórí fíríìjì — ọsàn, máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Inú mi dùn sí i. Èso ṣáà ni, wọ́n sì kọ fítámì gàdàgbà sí ara rẹ̀. Kọ́ọ̀bù ńlá kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́. Mo ń jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán, kó má baà dà á nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Nojeem, àbúrò Alága, dé láti súpámákẹ́ẹ̀tì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu. Agolo mẹ́wàá: gíríìn bíìnsì àti kárọ́ọ̀tì. Mo dúpẹ́ lẹ́nu. Nínú mi — òkú ẹ̀fọ́! Àwa tí ọjà ẹ̀fọ́ Mile 12 wà nítòsí wa báyìí? A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Egbò ò gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 15
Alága lọ wọn ṣúgà. 310. Ó tún lọ sókè! Mo ní ó ń jí búrẹ́dì jẹ tí mo bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo yẹ abẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ wò, mi ò rí ẹ̀rún kan. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ọjọ́rú, 17
Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Joanna tó ń tọ́jú Alága ní sẹ́ńtà ìlera. Ó ti ránṣẹ́ pé kí n kó ohun tí Alága ń jẹ àtèyí tó ń mu wá, kódà páálí òfìfo. Mo kó agolo Nojeem mọ́ ọn, kó lè bá mi bú u.

A jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí àti agolo. Júùsì: nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà, ṣúgà gíráàmù mọ́kànlá. Joanna ṣírò kọ́ọ̀bù méjì òòjọ́ — ó tó horo ṣúgà mẹ́rìnlá. Fítámì wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n bù ú sí i ni. Háhá èso, tí wọ́n ń pè ní fáíbà, ò sí níbẹ̀ rárá. Gíríìn bíìnsì inú agolo: ṣúgà ò pé gíráàmù méjì, háhá sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ ni àléébù rẹ̀. Kí n da omi rẹ̀ nù, kí n ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ti ọjà dára o, ṣùgbọ́n òkú ẹ̀fọ́ mi yìí sàn fún un ju júùsì lọ fíìfíì.

Ó wá bi mí pé, "Mummy, ta ló ń bu júùsì yìí fún Daddy?"

Mo ní àwọn àlejò ni. Irọ́ ni. Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 18
Gíríìn bíìnsì ṣíṣàn, ẹyin sísè. Ó jẹ ẹ́ tán. Mo kó júùsì tó kù ránṣẹ́ sí àwọn tí omi lé kúrò nílé ní Ajegunle. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún Alága.

Ọjọ́ Àìkú, 21
Mi ò tíì lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 29
164. Ojú egbò ti ń padé. Joanna ní wọn ò ní gé nǹkan kan. Mo sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn garawa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30
Mo sọ fún un lọ́sàn-án yìí. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n gé ìka yín, ẹ foríjì mí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ kìíní ni Joanna ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ fẹnu kan júùsì.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ?

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tó o bá ti gbé kọ́ọ̀bù yẹn dé, o máa ń jókòó tì mí. Láti ọdún tó o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, o ò jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ rí."

Inú bí mi sí i. Ojú sì tì mí. Mo jáde, mo kó ike wọlé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo padà wá jókòó tì í. Aago mẹ́ta ò tíì lù.