Orúkọ Ìyá Lórí Ìwé Motọ́lání

Ilé Oyèníran,
Ajáàwà.
Ọjọ́ Ẹtì.

Kíkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni àtẹ̀gùn ilé yín yẹn, ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbé e? Èmi tí mo gùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹsẹ̀ mi kò tíì dárí jì mí. Ọlọ́run tí ó ń sìn ọ́ lọ sí ọ́sípítù ní Ìdí-Àràbà, tí ó sì ń sìn ọ́ padà sí Àgùdà, kò ní í tòògbé lọ́nà. Àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú kò ní í kó àárẹ̀ wọn ràn ọ́. Àmín.

A délé ní àlàáfíà. Motọ́lání ọmọ rẹ ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí nítorí ojú mi. Mo ń sọ, ó ń kọ, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé òun kò ní í fi nǹkan kan kún un, òun kò sì ní í yọ nǹkan kan kúrò. O mọ ìwà rẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń ka àkàrà kí ó tó jẹ ẹ́. Mo ní agogo mẹ́wàá ni a wọlé lọ́jọ́ náà, ó ní rárá o, agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni. Kí á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ewúrẹ́ wa ti bí mẹ́ta, ọ̀kan kò lè dìde, a ń gbé e sí ọmú ìyá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òjò ń rọ̀. Àwọn ará ìjọ ń kí ọ, wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí ọmọ máa wọ bàálù. Mo ní ó kù díẹ̀. N kò lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀.

O fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Táòfíkì, ọlọ́kadà ilé kejì wa. O kí mi, mo dá ọ lóhùn. Mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o kò dáhùn, ò ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní inú ṣì ń bí ọ sí mi nìyẹn. Motọ́lání ní ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ láti àná ni. Ta ni ó máa ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lánàá fún ìyá rẹ̀ lónìí? Ìdí kìíní tí mo fi ní kí á kọ ìwé nìyẹn. Ìdí kejì ni pé ọ̀gá ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù yẹn sọ lójú mi pé ìwé nìkan ni òun gbà gbọ́. Ó dáa, ìwé nìyí. Táòfíkì ń bọ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀yìngbò ni ó ní òun máa ti fi lé ọ lọ́wọ́. Tí o bá ti kà á tán, mú un lọ fún ọ̀gá náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òrí, nítorí ìyẹn kò ní alábàápín, èmi nìkan ni mo jẹ̀bi rẹ̀. O ní ẹ̀rọ kan máa wo ìka ọmọ. Mo wo ìka ọmọ, ó gbẹ, ó funfun, ọ̀sẹ̀ tí a ro oko iṣu ni. N kò lè gbé ọmọ lọ síwájú ìjọba báyẹn. Mo fi òrí pa á lọ́wọ́ nílé, mo tún un pa nígbà tí a débẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ń dán. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbé ìka rẹ̀ lé e, obìnrin tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ní àfi bí ẹni pé ọmọ yìí kò ní ìlà lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń yìn wá ni, mo ní ẹ ṣé. Ìgbà tí o wá mú ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ọṣẹ ni ó yé mi. Fọ́tò náà, n kò lóye rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní kí ó má rẹ́rìn-ín, kí ó jẹ́ kí etí rẹ̀ hàn. Ó rí bí ẹni tí wọ́n wá sọ fún pé ilé wọn ń jó. Ìwé tí èèyàn máa fi wọ ìlú onílùú, wọn kò jẹ́ kí ó túra ká.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó le. Èyí tí ó le ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọṣẹ. Ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn, onígíláàsì lójú, ṣí fáìlì. O dúró ti ọmọ. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ní kí àwọn tí kò ní fọ́ọ̀mù jókòó sí. Ọ̀gá nàka sí ọ, ó bi ọmọ pé ta nìyí.

Ó ní, “Àǹtí mi ni.”

Ọ̀gá ní ìyá rẹ wá dà. Ó yíjú padà, ó wá mi títí ó fi rí mi, ó ní, “Màámi nìyẹn.”

Kò purọ́. Motọ́lání, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò purọ́. Ó mọ̀ pé ìwọ ni o bí òun, a kò fi pa mọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti lanu ni ó ti ń pè mí ní Màámi, tí ó ń pè ọ́ ní Àǹtí Kíkẹ́, bí gbogbo ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ládùúgbò yìí ti ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé ni wọ́n ń pè.

Ọ̀gá wá mú ìwé ọjọ́ìbí, èyí tí mo yọ nínú àpò mi fún un láàárọ̀ yẹn tí kò tíì kan ọwọ́ rẹ. Ó kà á sókè. Orúkọ ìyá: Àṣàbí Oyèníran. Mo rí ojú rẹ, Kíkẹ́. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí, ojú yẹn ni mo ń bá jí. Ọ̀gá ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ jáde nílùú yìí, pé ẹ̀gbọ́n kò lè fọwọ́ sí ìwé fún àbúrò nígbà tí ìyá wọn jókòó síbẹ̀. Mo dìde láti là á yé e. Mo ní, “Èmi ni ìyá rẹ̀, òun ni ó bí i.” Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó pa fáìlì dé.

O kò bá mi jà. O ra mínírà tútù fún mi, o ní kí n mu ún. Títí a fi dé Àgùdà, o kàn ń fi ọwọ́ tẹ́ ìwé yẹn lórí itan rẹ bí ẹni tí ó ń lọ aṣọ. Ì bá sàn kí o jà.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni ó ní kí ẹ padà wá. Bí ìwé kò bá tọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìsinmi tí wọ́n fún ọ lọ́sípítù á wọlé, á sì jáde, Níyì ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ti ra kóòtù òtútù ọmọ sílẹ̀ nílùú òyìnbó á gbé e kọ́. Ọmọ á sì rò pé ẹnu òun ni ó bà á jẹ́. Nítorí náà, ibi tí ọ̀gá máa kà nìyí. Motọ́lání, fa ìlà sí i lábẹ́.

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ìjọba. Èmi Àṣàbí, opó Oyèníran, ni mo ń sọ̀rọ̀. Kíkẹ́ ni ó bí Motọ́lání, ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ń kọ orin ìparí ìsìn lọ́wọ́. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì di ọ̀tún. Ó gé mi jẹ lápá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè wá wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kíkẹ́ nígbà náà, ó ku oṣù mẹ́rin kí ó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ọkọ mi ní kí á gba ọmọ, kí ó padà sílé ìwé. Ogójì ọjọ́ kò pé tí ó fi wọ yunifọ́ọ̀mù. Wàrà ń gba inú aṣọ jáde. Tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, mo máa ń gbé ọmọ lọ sí ìdí ọgbà ilé ìwé, á fún un lọ́mú, á nu ojú, á padà wọ kíláàsì. Èmi ni mo gbé ọmọ lọ gba ìwé ọjọ́ìbí. Akọ̀wé ní orúkọ ìyá. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹlòmíràn. Mo pe orúkọ mi. Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín parí síbẹ̀, ẹ má ka ìyókù.

Kíkẹ́, mo mọ ohun tí akọ̀wé ń béèrè. Motọ́lání ti gbé bírò dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Mo rò pé bí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, kò ní í sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí tọ́ka sí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ dèèyàn. O sì dèèyàn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o máa wá orúkọ rẹ débẹ̀.

Mo ti lọ búra ní kóòtù. Mo gbé Bíbélì tèmi lọ nítorí n kò mọ ibi tí tiwọn ti wá. Ìwé ìbúra wà lọ́wọ́ Táòfíkì pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ìwé ọjọ́ìbí tuntun á jáde lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ti kọ Kíkẹ́ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ẹnu ọmọ, nítorí ọ̀gá máa tún bi í. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo ti fi òfin lélẹ̀ nínú ilé yìí. Ìwọ ni Màámi. Èmi ni Ìyá àgbà. Bí ó bá pe Màámi, n kì í dáhùn. Ọjọ́ kìíní, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti ìdí kànga pé kí n wá bá òun gbé garawa sórí. Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó ní, “Ìyá àgbà, omi ti dé,” bí ẹni ń kí àlejò. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó rẹ̀ mí, Kíkẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n.

Àpótí tí a rà l'Ọ́yìngbò, mo ti di èlùbọ́ Níyì sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n ń wọn ẹrù. Kí wọ́n wọn èlùbọ́ kí wọ́n tó wọn aṣọ, bí ó bá pọ̀ jù, kí wọ́n yọ aṣọ. Mo tún gbọ́ pé ìjókòó bàálù ní nọ́ńbà, kí ọmọ má fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí ìtìjú. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó má ṣí i.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ rán Táòfíkì, òrùlé ilé ìdáná ń jò sójú ààrò. Má fi gba báńkì. Wọ́n ní kí n gbé ojú mi wá síwájú fóònù kí wọ́n tó fún mi, bẹ́ẹ̀ mo ti fún wọn ní ojú náà lọ́dún tó kọjá, wọn kò dá a padà.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ẹni tí ó bá ṣí fáìlì rẹ á rí orúkọ rẹ níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ẹ ó lọ ní méjì, ẹ ó bọ̀ ní méjì, ẹ ó sì bá mi láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàbí.

Màámi, ẹ̀yin ni mo ń pè. Èmi Motọ́lání ni. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ. Wọ́n ti lọ sídìí ewúrẹ́. Ohun kan wà tí wọn kò sọ. Lánàá tí ẹ pe fóònù Táòfíkì, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, “Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.” Kí ẹ tó dáhùn, wọ́n ti jẹ́ “hòo” láti ilé ìdáná. Wọ́n jáde, wọ́n rí fóònù létí mi. Wọ́n ní ewúrẹ́ ni àwọn ń dá lóhùn.