Fọ́ọ̀kì Alùpùpù Kọ́lá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Lẹ́yìn tí tírélà gbá Kọ́lá ọmọ mi ṣubú ní Àpápá, mẹkáníìkì kan ládùúgbò Boundary kàn fi táyà iwájú alùpùpù rẹ̀ ti òpó iná, ó sì yí ọwọ́ alùpùpù náà tipátipá, ó ní òun ti tún un ṣe. Kò tú nọ́ọ̀tù kankan!

Kọ́lá sọ fún un pé fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, ṣì wọ́, alùpùpù náà ń fà sí òsì, níbi tí tírélà ń gbà.

Mẹkáníìkì náà ní, "Àgbà lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́?"

Ọmọ mi dúpẹ́, ó sì gùn ún wálé.

Mo gbé alùpùpù náà padà lọ bá mẹkáníìkì náà. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí ó jù mí lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá ti dára, ẹ fúnra yín gùn ún dé Àpápá."

Ó ní orúnkún ń dun òun.

Mo fi ọwọ́ ti alùpùpù náà wálé. Ọ̀wọ̀ àgbà ni mo fún un. Ẹ̀mí ọmọ mi kò sí lára ohun tí mo fún un.