Ẹsẹ̀ Àgbò Ìbíkẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Karùn-ún, 1961. Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ìbíkẹ́ olóbì gbé àgbò wá sọ́fíìsì ìtọ́jú ẹran mi lónìí. Nínú ọmọlanke! Ẹran náà jókòó bí olóyè. Olóyè ni mo ń pè é báyìí.
Okùn tí wọ́n fi so ó lẹ́sẹ̀ iwájú ti gé wọnú ẹran ara. Ìdin wà níbẹ̀. Ìbíkẹ́ ti da kẹrosíìnì sí i. Mo ṣàlàyé: kẹrosíìnì ń pa ìdin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹran ara tó kù pẹ̀lú. Ó ní, “Dókítà, ẹ má bá mi wí mọ́. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́tàlá.”
Rùfáì ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ìbíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe làyà, ìyẹn pípa àgbò ọdún, fún ilé náà lọ́dún yìí, àwọn ẹbí ọkọ sì ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Àgbò tó ń tiro kò yẹ fún làyà. Ìbíkẹ́ kò sì lówó àtira òmíràn.
Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Áyódìn. Báńdéèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Mo gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Olóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abigail ìyàwó mi gbọ́. “Àgbò Mùsùlùmí, àdúrà Aládùúrà!” Ó rẹ́rìn-ín títí wòlíì fi wo ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Mo bá Mùbàṣírù alápatà nílé Ìbíkẹ́. Òun ni yóò pa Olóyè. Ó ní, “Dókítà, ẹran tí a fẹ́ pa lẹ ń tọ́jú bí ọmọ jòjòló?”
Mo ní ikú rẹ̀ kò ní pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Okùn yẹn ti ń jẹ ẹ́ níyà tọ̀sán-tòru.
Ó ní ẹsẹ̀ ni baba òun ń so. Bí a bá so ọrùn, ẹran á fi okùn para ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo wá ta kókó tí kì í fún mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó fà á, kò fún. Mo ta irú tirẹ̀. Ó fà á — “Ẹ tú u, Dókítà! Ẹ tú u!”
Mo rọra tú u.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Ẹsẹ̀ tó wú ti lọ sílẹ̀. Olóyè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀!

Ọjọ́rú, 24
Lèmọ́mù wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rìn. Ó rìn dé ìdí àgbọn, ó rìn padà. Kò tiro rárá. Ìbíkẹ́ jó yí àgbàlá ká. Àwọn ẹbí ọkọ ń pàtẹ́wọ́.
Ọrùn ni wọ́n ń so gbogbo àgbò àdúgbò báyìí, pẹ̀lú kókó tí mo kọ́ Mùbàṣírù. “Kókó Mùbàṣírù” ni wọ́n ń pè é. Mùbàṣírù kò tilẹ̀ ṣèèṣì dárúkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 25. Iléyá.
Mùbàṣírù ti pọ́n ọ̀bẹ nílé rẹ̀, ó fi pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀sìn wọn kò gbà kí ẹran rí i. Ó wù mí.
Ìbíkẹ́ tú okùn. Mo rò pé Olóyè yóò sá. Ó rí mi, ó rìn tààrà wá bá mi, ó fi orí nù mí lẹ́sẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti mú un.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń yẹ ẹran wò níbi ìpẹran. N kò yíjú kúrò rí. Lónìí mo yíjú kúrò kí ọ̀bẹ tó kan Olóyè.
Ọ̀sán ni Ìbíkẹ́ gbé ẹran Olóyè wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀: “Ẹ̀yin lẹ bò mí láṣìírí, Dókítà.” Abigail dín in. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, n kò ní purọ́.
Nígbà tí Abigail fẹ́ bù kún un, mo ní kó má bu ẹsẹ̀ iwájú fún mi.