Ìkíni Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Màámi,

Bímbọ́lá, aládùúgbò mi tó ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ló bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbọ́ ohùn mi láti Sátidé. Inú ìrẹsì ni fóònù mi wà, ó ń gbẹ. Ara tèmi le.

Iṣẹ́ tí mo rí ní Warri dùn gan-an. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń kó àlejò láti Ubeji lọ wo igbó tó dúró sínú omi, pẹ̀lú ẹyẹ àti ọ̀bọ. Èmi ni mò ń ṣàlàyé. Ọ̀bọ kan ṣoṣo la tíì rí, òun náà sì wò wá dáadáa.

Ní Sátidé, àlejò mẹ́rin ti jókòó, ni ọ̀gá wa, Bàbá Akínsànmí ará Ìlàjẹ, tó máa ń dúró létí omi, bá fẹsẹ̀ wọ ọkọ̀. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi. Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Omi náà ò jìn, ó kàn mù wá dé àyà ni. Àlejò kan ń pariwo, "Oga guide, na greeting be dis?" Bàbá ò bínú púpọ̀. Wọ́n ní nílé àwọn, orí ìjókòó lèèyàn ti ń kí àgbà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n lọ sinmi títí àwọn yóò fi pè mí. Ìsinmi náà ti pé ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo wà.

Ọmọ yín,
Ọláṣẹ̀hìndé