Àwo Keje Tí Mo Dé ní Fìlà

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ìwọ tí mo kọ́kọ́ gbé pọ̀n kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ọ̀já kó dúró,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Oníbéèrè, ọmọ-ọmọ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí ilé tí ẹ ń gbé máa tù yín lára. Kí àtẹ̀gùn gíga tí o ní ẹ ń gùn kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà yín má kó àárẹ̀ bá orúnkún yín, kí ẹ máa gùn ún láyọ̀, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún mi òsì ṣì máa ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀, mi ò bá a jà mọ́, ó kúkú máa ń sọ òótọ́. Ewúrẹ́ ti bímọ méjì. Aránṣọ tó múlé gbè wá ti ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ra èyí tó ń lo iná, láti ìgbà náà ló ti ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí iná, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ òun yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi gíláàsì mi kà á lẹ́ẹ̀kẹrin. O ní kọ̀ǹpútà rẹ ṣàdédé kú, pé o gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bá a lọ. Mo kí ọ kú àdánù, Ọlọ́run yóò fi èyí tó sàn jù rọ́pò. O ní fóònù tí o fi gba ohùn bàbá yín sílẹ̀ ti sọ nù tipẹ́, pé ní gbogbo ayé yìí, inú àwo kọ̀ǹpútà méjìlá tí o kó wá fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìkan ni ohun tó ṣẹ́kù wà. O ní ekeje ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù, nítorí ohùn bàbá yín ló wà níbẹ̀, Oníbéèrè sì ń bi ọ́ lójoojúmọ́ pé báwo ni ohùn bàbá àgbà ṣe rí, o sín wọn jẹ fún un, ó ní irọ́ ni, ohùn rẹ lo yí padà. O wá ní kí n yára fi àwọn àwo náà ránṣẹ́.

Ọmọ mi, jọ̀wọ́ jókòó. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe tọ́jú wọn fún ọ, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ju ẹrù rẹ sí kọ̀rọ̀ kan.

Lọ́jọ́ tí o kó wọn wá, o ní kí n tọ́jú wọn dáadáa o, pé ayé rẹ ló wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi fun fèrè, o sì lọ. Nígbà tí ilé dákẹ́, mo kó wọn sórí tábìlì. Wọ́n ń dán, ihò wà láàárín wọn, o sì ti kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ekeje sójú fèrèsé, mo wá bàbá yín nínú rẹ̀, ara mi nìkan ni mo rí, tí mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́. Mo wá gbé e sórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn irúgbìn. Mo gbé e kúrò, mo gbé ìkejìlá síbẹ̀, èyí tí o ní o kò tíì kọ nǹkan kan sí. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n! Ó dùn mí. Odindi ọkùnrin, pẹ̀lú ohùn tó máa ń jí wa láràárọ̀, kò wúwo ju òfo lọ. Ìgbà tó yá ni mo sọ fún ara mi pé bàbá yín kò kúkú fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára rí nígbà tí wọ́n wà láyé, ṣé ìgbà tí wọn ò sí mọ́ ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀?

O mọ iṣẹ́ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn èèyàn ti ń kó irúgbìn wọn wá fún mi, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, pé kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀ di ìgbà òjò. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀wà sọ́dọ̀ mi rí tó gbìn ín tí kò hù. Mo mọ ohun tó ń pa nǹkan ìpamọ́: ọ̀rinrin ni, kòkòrò ni, èkúté ni. Oògùn wọn kò ju ọ̀kan lọ, oòrùn ni. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá, mo sì máa ń sá àwọn àwo rẹ sóòrùn pẹ̀lú irúgbìn mi, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán ni mo máa ń jẹ́ kó kọjú sókè. Láti àárọ̀ títí òjìji á fi dé etí ẹní ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, igi á wà lọ́wọ́ mi, màá máa lé adìyẹ. Mi ò pa oṣù kan jẹ. Oṣù tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ńṣe ni mo rá jáde. Aránṣọ ń ráhùn pé ìmọ́lẹ̀ wọn ń gba fèrèsé gún òun lójú, mo ní kó fara dà á, pé ayé ọmọ mi ni mo sá.

Ekeje nìkan ni mo ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. O mọ bàbá yín àti oòrùn. Kí a tó bí ọ ni irun ti fi orí wọn sílẹ̀, bí oòrùn bá sì pa wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á sùn tì í di ọjọ́ kejì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ sínú oòrùn láìbo orí wọn? Mi ò sì lè fi àwọn nìkan sílẹ̀ nínú àpótí kí ọ̀rinrin mú wọn. Mo wá mú fìlà wọn, èyí dúdú tó nípọn tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi dé ekeje lórí ẹní níbẹ̀. Àwọn yòókù ń gba oòrùn, ekeje dé fìlà. Aránṣọ yọjú, ó bi mí bóyá òròmọdìyẹ ni mo bò mọ́lẹ̀. Mo ní ọkọ mi ni. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo rò ó pé kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá ara wọn le. Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe tó wà ní ìkóríta, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Máfọwọ́kàn-án nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún oníbàárà. Ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn ń fi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rédíò tí wọ́n ti tú inú wọn síta kún ilẹ̀ kún àjà, òórùn òjé tó ń yọ́ sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó fi àwo àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ kùn, ó kùn, ó sì pọ̀ ọ́ síta. Ó fi ìkejì sí i, bákan náà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi mí pé níbo ni mo ń kó wọn sí. Mo sọ fún un. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sọ ọ́, mo tún fi ti adìyẹ kún un. Ó ká ọwọ́ lérí.

Ó ní àwo orin tí à ń rà lọ́jà, ńṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí òǹtẹ̀, oòrùn kì í tètè rí i gbéṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sí, aró ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ló sì ń kọ̀wé sára aró náà. Ó ní bí oòrùn bá ń pa á, díẹ̀díẹ̀ ni aró yẹn ń ṣí, bí ìró mi aláró ṣe ṣí lórí okùn. Ó ní òkùnkùn àti ibi tútù ni ilé rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ohun tó kọ ọ́ náà ló ń pa á rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo jókòó lórí òkú rédíò kan, mo sì sunkún. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ, àwòrán ìgbéyàwó rẹ, àwòrán Oníbéèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tí ojú rẹ̀ kò tíì là, èmi ìyá rẹ ni mo sá gbogbo wọn gbẹ, tí mo tún ń lé adìyẹ kúrò lára wọn. Ìtọ́jú tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Dárí jì mí. Abèèrè kì í ṣìnà, mi ò béèrè, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ọmọ mi, ẹni tó bá rán àgbà níṣẹ́ yẹ kó júwe ọ̀nà.

Ó dán ìkẹjọ títí dé ìkọkànlá wò, pàbó ni. Ó wá ku ekeje. Mi ò fẹ́ kó fi í sí ẹ̀rọ. Mo sọ fún un pé kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí a ò bá dán an wò, màá lè máa sọ pé bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ ká gbìyànjú. Mo yọ àwo náà kúrò nínú fìlà, mo gbé e fún un, mo sì di fìlà mú. Ẹ̀rọ kùn. Ó pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Mo ti ń dìde kí n máa lọ nígbà tí mo gbọ́ ìfági tó ń fá pákó, wìrì, wìrì, wìrì. Ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ ohùn ìwọ alára tí o ní kí bàbá sọ nǹkan, wọ́n sì dáhùn pé kí ni àwọn fẹ́ sọ, pé iṣẹ́ ni àwọn ń ṣe, kí o má fi àwọn jẹ bátìrì rẹ tán. Wọ́n tún fá pákó díẹ̀. Wọ́n wá pariwo pé fìlà àwọn dà, pé oòrùn ti dé ibi tí àwọn wà.

Ọmọ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo nàró. Mo na fìlà náà sí ẹ̀rọ, mo ní òun nìyí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dáhùn láti inú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, bí ẹni wà nílé ìdáná, pé orí yín ló wà. Ìwọ rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn yẹn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́. Mo bi Máfọwọ́kàn-án pé obìnrin wo nìyẹn. Ó ní Màmá, ẹ̀yin ni. Mi ò dá a mọ̀. Ohùn obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lágbàlá ni.

Fìlà ló bò wọ́n o. Gbogbo ọgbọ́n mi kò gba àwo kan là, ohun tí aránṣọ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ló gba ọ̀kan là.

Ó ní òun á ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo bi í bóyá ohùn wọn á dín kù nínú èyí àkọ́kọ́, ó ní rárá, bí ìgbà tí a tan àtùpà lára àtùpà ni. Ó ṣe méjì, mo sì jẹ́ kó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi fìlà, mo sì dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó tún ní bí wọ́n bá tiẹ̀ wà lókùnkùn, wọ́n ń gbó, pé lọ́dọọdún ni ká máa dán wọn wò, kí a sì máa tún wọn kọ sí tuntun kó tó pẹ́ jù. Èyí ni mo lóye jù. Irúgbìn tí a kò gbìn kí a tún kórè rẹ̀, inú àpótí náà ló ń kú sí. Ká ní o ti sọ fún mi pé irúgbìn ni láti ọjọ́ yìí wá, ì bá má rí báyìí.

Ẹ̀dà kan ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, èkejì ń bọ̀ lọ́wọ́ tíṣà tó ń wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí mi ò jẹ́ kó gbogbo irúgbìn sínú ọkọ̀ kan. Ekeje gan-an wà nínú fìlà, fìlà wà nínú àpótí, àpótí wà ní yàrá tí oòrùn kì í dé. Àwọn tó kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lè kó wọn dànù. Bá mi bẹ àwọn àna rẹ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ, wọ́n ya àwòrán níbi ìgbéyàwó rẹ, kí wọ́n wá inú ẹrù wọn.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Òrùlé ẹ̀yìn ti ń jò sápá ibi tí àpótí wà, mo sì fẹ́ ra aṣọ dúdú kí aránṣọ fi rán àpò fún àwọn àwo tí o bá tún kó wá, bí iná bá dé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí o bá tọ́jú kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O ò ní fi ìfẹ́ ṣe ohun tí o máa fi omijé kábàámọ̀. Ọmọ rẹ yóò mọ ohùn rẹ, yóò sì mọ̀ ọ́n pẹ́. Bí o bá fẹ́ lu àwo yìí fún un, ẹ jókòó pọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí bàbá àgbà rẹ̀ bá béèrè fìlà, kí ẹnì kankan nínú yín má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí Oníbéèrè dáhùn lẹ́ẹ̀kan tirẹ̀. Kó sọ fún wọn pé ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Èmi ni,
ìyá rẹ.